Ẹ fi omi rèdíétọ̀ sílẹ̀ ná: ọ́ìlì tó gbóná ló ń pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ n'Ìbàràpá

Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, nígbà tí oòrùn bá mú tí òjò kò sì tíì fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó ṣòro kí èèyàn tó gba ọ̀nà Ìdó lọ sí Ẹ̀rúwà, tàbí kó ti Abẹ́òkúta gba Igbó-Ọrà kọjá, kó má rí ọkọ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè lẹ́bàá títì. Awakọ̀ á dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, àwọn èrò á sì wá abẹ́ igi jókòó sí. Bí ara ọkọ̀ náà bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á bu omi sí i, gbogbo wọn á tún wọlé, ìrìn àjò á tẹ̀ síwájú. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìgbà tí mo bá rí i, kì í sí ẹni tó bèèrè ọ́ìlì. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ti ń wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Omi inú rèdíétọ̀ ń yí ara ibi tí písítìn ti ń lọ sókè-sódò ká, ó sì ń gbé ooru ibẹ̀ jáde síta. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, kò sẹ́ni tó ní kí a má bu omi. Ṣùgbọ́n àwọn irin tó wà nísàlẹ̀, kíránkì àti bẹ́árìn tó gbé e dúró, títí dé abẹ́ písítìn fúnra rẹ̀, omi kì í dé ibẹ̀. Ọ́ìlì ló ń débẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń jẹ́ kí irin máa yọ̀ lára irin kí wọ́n má baà họ ara wọn, ó sì ń ru ooru ibẹ̀ wá sínú àwo tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí atẹ́gùn tó ń fẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ ti ń tù ú lára.

Àwọn bàbá wa tó wa Volkswagen Ìjàpá mọ èyí ju àwa ọmọ ìsinsìnyí lọ. Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ọ́jọ̀ọ́ nílùú Èkó lọ́dún 1975 kò ní rèdíétọ̀ omi rárá. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́yìn, àti ọ́ìlì tí kò ju nǹkan bíi lítà méjì ààbọ̀ lọ, ni wọ́n fi ń tù ú. Ẹni tó ní Ìjàpá nígbà náà, tó bá jẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ fà, ó mọ ohun tí yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ olómi wá pọ̀ ni ojú wa kúrò lára ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà tó ń gbé wa láti Ìdèrè sí Igbó-Ọrà, láti Làǹlátẹ̀ sí Ẹ̀rúwà lónìí, bíi ti Ìjàpá ló rí: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní omi kankan, atẹ́gùn àti ọ́ìlì nìkan ni. Ọ́ìlì náà kò sì ju bíi lítà kan. Lítà kan yìí ló gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò pákí lórí!

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí wé ìlera ara. Láti ọdún 1963 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wá sí Igbó-Ọrà ṣe iṣẹ́ ìlera láàárín ìlú, kò sì sí àgbàlagbà tó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ibà bá mú èèyàn, ara rẹ̀ á sọ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sọ, àfi kí wọ́n so nǹkan mọ́ èèyàn lápá kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Omi rèdíétọ̀ tó hó ló dà bí ibà: ó ń rú èéfín, ó ń pariwo, gbogbo ayé á rí i. Ọ́ìlì tó gbóná kọjá ààlà ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í hó bí omi, kì í rú bí omi, ọkọ̀ á sì máa lọ.

Ohun tó tún mú un le ni pé géèjì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ooru omi ló ń sọ. Iná pupa tó ní àwòrán tó dà bíi kẹ́tùrù, agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré nínú ẹ́ńjìnnì ló ń sọ, kì í ṣe ooru rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tí a fi ń ná ọ̀nà wọ̀nyí, kò sí ohun kankan tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nílé díẹ̀, ká wo ibi tí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú, ìyẹn pápá tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Ní Kyalami lórílẹ̀-èdè South Africa, níbi tí ìje Formula One ti wáyé ní ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1967 sí 1993, àti ní Nürburgring ní Jámánì tí ìyípo rẹ̀ kan lé ní 20 kìlómítà, àwọn èèyàn a máa gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ wá láti wá sá eré tí òfin kò gbà wọ́n láyè láti sá ní títì. Ara ohun tí wọ́n ń tètè kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ojú wọn má kúrò lára géèjì ọ́ìlì. Ní títì lásán, ooru ọ́ìlì a máa wà láàárín 90 sí 110 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí wọ́n bá ti ki eré bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó lè gun 130, ó tiẹ̀ lè kọjá bẹ́ẹ̀, nígbà tí géèjì omi ṣì dúró jẹ́jẹ́ ní àárín bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá gbọ́n á dẹ eré, á fi jẹ́jẹ́ yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì, kó tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í sì í pa á lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a máa so rèdíétọ̀ kékeré mọ́ ọn, kí ti ọ́ìlì wà lọ́tọ̀, kí ti omi wà lọ́tọ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló kan ará Ìbàràpá nínú eré àwọn olówó. Ohun tó kàn wá ni pé ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ bóyá eré ni wọ́n fi ń sá tàbí ẹrù ni wọ́n fi ń rù. Iṣẹ́ ló mọ̀. Micra tí wọ́n ṣe fún èèyàn márùn-ún, awakọ̀ wà nínú wọn, a ó kó méjì síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn, a ó ki àpò gaàrí àti láfún bọ bùútù títí tí kò ní lè dé mọ́, ìyá kan á tún gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀. Ibi tí títì bá ti ní kòtò, jíà kìíní àti ìkejì ni awakọ̀ yóò máa lò. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, atẹ́gùn tí ì bá fẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kò sí. Pikọ́ọ̀pù tó ń kó ẹ̀gẹ́ jáde láti oko burú ju ìyẹn lọ. Lójú tèmi, ọkọ̀ wọ̀nyí wà nínú ìje láràárọ̀. Ti Kyalami ní géèjì, tiwa kò ní.

Bí ọ́ìlì bá gbóná ju bó ṣe yẹ, ṣe ló máa ń ṣàn bí omi. Àlàfo tó wà láàárín kíránkì àti bẹ́árìn kò ju bí irun orí èèyàn ṣe nípọn tó lọ, ọ́ìlì tó nípọn níwọ̀n ló sì ń dúró níbẹ̀ tí irin kò fi kan irin. Tó bá ti ṣàn jù, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í bú irin jẹ. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì nìyẹn, ẹni tó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ kò ní gbàgbé. Yàtọ̀ sí èyí, ooru a máa ba ọ́ìlì fúnra rẹ̀ jẹ́, bí epo pupa tí wọ́n ti dín àkàrà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò, pé bí ooru ọ́ìlì bá fi 10 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí ìwọ̀n Celsius, bíbàjẹ́ rẹ̀ á yára tó ìlọ́po méjì. Ọ́ìlì tó yẹ kó lo oṣù kan nínú ọkọ̀ olùkọ́ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ kó tó bọ̀, kò lè lo oṣù kan nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ta ni yóò ra ọ́ìlì. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọlọ́kọ̀ kó owó sílẹ̀ ra ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ owó àjẹsẹ́kù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí owó tí bàbá kan fi ẹ̀yìn ti lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó gbé e fún awakọ̀. Awakọ̀ á máa kó iye kan pàtó wá lálaalẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní dẹlífárì. Lára ohun tó bá ṣẹ́kù ni awakọ̀ yóò ti ra epo, ti yóò ti san owó gáréèjì, ti yóò ti fọ táyà, ti yóò ti jẹun, tí yóò sì ti mú nǹkan lọ sílé. Ní ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀, owó ọ́ìlì wà nínú ohun tí awakọ̀ yóò gbé. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọlọ́kọ̀ ni yóò ra òmíràn.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ń ná owó ọ́ìlì kọ́ ni yóò ná owó ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sún ọ́ìlì síwájú, owó wọ àpò rẹ̀ lónìí, òfò rẹ̀ á sì bọ́ sí ọrùn ẹlòmíràn lọ́la. N kò pe awakọ̀ ní olè. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀, tí dẹlífárì kò tíì pé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, n kò mọ̀ bóyá èmi náà á ronú kan ọ́ìlì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín owó náà ló burú, òun ló sì ń kọ́ àwọn méjèèjì ní ìwà tí kò dára: awakọ̀ ń sún un síwájú, ọlọ́kọ̀ ń díbọ́n pé òun kò mọ̀.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúubú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Epo tí iye tí ìjọba fi sí i kò tíì pé 200 náírà lítà kan fò kọjá ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò sí bí ọkọ̀ yóò ṣe rìn láìsí epo, ṣùgbọ́n ó lè rìn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i pẹ̀lú ọ́ìlì àtijọ́. Ọ́ìlì ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ dí ihò.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ayédèrú ti rí ọjà tà. Wọ́n á kó ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m tí mẹkáníìkì dà nù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á pa á láró díẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní orúkọ ńlá lára. Àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà lórílẹ̀-èdè yìí ti gbẹ́sẹ̀ lé irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀, síbẹ̀ kò tán lọ́jà. Irú ọ́ìlì yìí kò lè fara da ooru rárá. Ohun kan wà tó wà lọ́wọ́ wa tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: bí a bá ti da ọ́ìlì tán, kí a lu kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lò. Kọ́ńdẹ̀m dára fún pákó tí ikán ń jẹ, ìyẹn bó bá jìnnà sí kànga. Kò dára fún ẹ́ńjìnnì.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi kan ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tó wà lára kẹ́ẹ̀gì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń ra ọ́ìlì bí ẹni ra elùbọ́, èyí tó bá ki jù ni wọ́n á ní ó dára jù. Bí wọ́n bá kọ 20W-50, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ W ń sọ bí ọ́ìlì náà yóò ṣe ṣe nínú òtútù. Èkejì ń sọ bí yóò ṣe ki tó nígbà tó bá ti gbóná dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius. Nítorí pé yìnyín kì í bọ́ ní Tápà tàbí Àyétẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn ló kàn wá jù. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì fẹ́lẹ́, bí a bá da èyí tó ki jù sí i, kò ní tètè dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé láàárọ̀, yóò sì tún dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé tòkunbọ̀ kì í sábà bá ìwé rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà tó yẹ sára ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Kí ẹ nù ún, kí ẹ kà á.

Àwọn mẹkáníìkì wa náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n yọ tẹmosítáàtì dà nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Tẹmosítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè móoru kó sì dúró síbi kan. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lára ọkọ̀ tí kì í rìn ju láti òpin Igbó-Ọrà kan sí èkejì lọ, ọ́ìlì rẹ̀ kò ní móoru tó láti lé omi àti epo tó ń jò sínú rẹ̀ jáde, yóò sì di ẹrẹ̀ dúdú. Nítorí náà, kì í ṣe pé ká máa wá ọ́ìlì tútù. Ọ́ìlì tó móoru níwọ̀n là ń wá.

Kí ni mo wá ń fẹ́ kí wọ́n ṣe? Kí owó ọ́ìlì kúrò lọ́rùn awakọ̀. Kí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ máa ra á, kí ó yọ ọ́ nínú dẹlífárì kó tó ka owó rẹ̀, kí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ń rin 200 kìlómítà lóòjọ́ ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 1,200 nìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó ti di 4,800. Ọ̀pọ̀ géèjì tó ń ka kìlómítà ti kú, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kò kú. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ kò yẹ kó dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà rárá. Mo mọ̀ pé ọlọ́kọ̀ yóò ní èrè òun á dín kù. Á dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kó tó bá mi jà.

Àwọn tó ń ṣàkóso gáréèjì ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ìdí tí wọn kò fi lè yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ra ojúlówó ọ́ìlì ní dúrọ́ọ̀mù láti ilé iṣẹ́ tó dá wọn lójú, kí wọ́n máa tà á fún awakọ̀ ní iye tí wọ́n rà á. Lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n má ṣe lé ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé padà sójú ọ̀nà láìjẹ́ kó sinmi. Àwa èrò náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí awakọ̀ bá ní ẹrù ti tó, a ó máa bú u pé ó ń ṣe fújà. Bó bá débi tó ń lọ tí kò tètè pa ẹ́ńjìnnì, a ó ní ó ń fi epo ṣòfò. Ìṣẹ́jú kan sí méjì tó fi sílẹ̀ yẹn, ọ́ìlì ló ń gbé ìyókù ooru kúrò lára irin.

Ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò kó dúró de ẹnikẹ́ni. Kó pe awakọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí ọkọ̀ tó jáde, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù tó sì dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí wọ́n fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́, kí wọ́n fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Ààmì méjì ló wà lára rẹ̀, àárín wọn ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Bó bá wà nísàlẹ̀ èyí tó kéré, kí ọkọ̀ náà má lọ sí Ẹ̀rúwà lọ́jọ́ yẹn títí wọn yóò fi bu ọ́ìlì sí i. Lẹ́yìn náà, kó sọ fún awakọ̀ pé bó bá ti ìrìn àjò jíjìn dé, tí iná pupa onígbá kẹ́tùrù yẹn bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan, kó pa á, kó sì fi fóònù pe òun, ìbáà jẹ́ dẹlífárì ọjọ́ náà kò pé.